Bàbá Tó Máa Ń Béèrè Pé "Di Ìgbà Wo?"

Ojú ìwé méjì ni lẹ́tà lọ́yà náà. Ọ̀kan péré ni mo kà fún ẹni tó gbé e wá. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa Bàbá Àgbà, ó yẹ kí n sọ èyí ná, nítorí pé àwọn ni mo ṣe é sí, wọ́n sì lọ láìgbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Bàbá Àgbà ni bàbá tó bí bàbá mi. Káfíńtà ni wọ́n ní Iléṣà, wọ́n sì ní oko kòkó kan ní ọ̀nà Ìwàrà. Bàbá mi tètè kú, ọwọ́ Bàbá Àgbà ni mo dàgbà sí. Ilé-ẹ̀kọ́ ò bá mi lára mu, mo kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì ní kíláàsì kẹrin, mo sì kọ́ iṣẹ́ igi lọ́wọ́ wọn. Ó ti pé ọdún méjì báyìí tí wọ́n ti kú, ní ọdún tí epo mọ́tò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń bọ̀ wá sìnkú láti ọ̀nà jíjìn fi dé lẹ́yìn tí a ti sin wọ́n tán.

Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ti ka ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú: ọdún ìbí tí a fojú bù, iye ọmọ, iye ọmọ-ọmọ, oyè tí wọ́n jẹ nínú ẹgbẹ́ àwọn bàbá ìjọ. Gbogbo rẹ̀ ni òótọ́. Ṣùgbọ́n mo jókòó níbẹ̀, mo ń wá Bàbá nínú rẹ̀, mi ò rí wọn.

Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n dáadáa, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló fi mọ̀ wọ́n: "Di ìgbà wo?" Kò sí ohun tí o lè wá tọrọ tàbí tí o lè ṣèlérí níwájú wọn tí wọn ò ní bi ọ́ bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò wa kan wá yá ayùn lọ́jọ́ kan.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ayùn yín."

"Di ìgbà wo?"

"Ha, Bàbá, màá dá a padà."

"Mo gbọ́. Di ìgbà wo?"

"Ìgbà tí mo bá lò ó tán ni."

Bàbá gbé ayùn padà sórí ìṣó tí wọ́n ti mú un. Wọ́n ní, "Mo mọ Mọ́ńdè, mo mọ Túsìdeè. Ọjọ́ tó ń jẹ́ ìgbà-tí-mo-bá-lò-ó-tán, ta ló bí i?"

Bí wọ́n ṣe ṣe fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà nìyẹn. Àwọn alàgbà mẹ́ta wá bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù pé àwọn fẹ́ ilẹ̀kùn ńlá tuntun, ilẹ̀kùn tí yóò wà títí ayé. Pẹ́ńsùlù wà ní etí Bàbá, kì í kúrò níbẹ̀, àní wọ́n máa ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì tòun tòun ni. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n wo ẹnu rẹ̀. "Títí ayé kẹ̀? Igi ni mo ń lò o, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run. Ogún ọdún ni mo lè fọwọ́ sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe káfíńtà tó bá wà láyé." Inú bí ọ̀kan nínú àwọn alàgbà náà, ó ní Bàbá ò nígbàgbọ́. Síbẹ̀, àwọn ni wọ́n ṣe ilẹ̀kùn náà. Wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ ọdún tó máa pé ogún sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí àlùfáà nìkan ti lè rí i.

Ọ̀pá ìwọ̀n kan tún wà tí wọn kì í fi sílẹ̀. Igi apá ni, wọ́n gé e fúnra wọn nígbà tí wọ́n gba ìdáǹdè iṣẹ́, wọ́n sì fi ọ̀bẹ sàmì sí i lára. Téèpù wà ní ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo ń lò ó. Bàbá ní téèpù máa ń tẹ̀, ó sì máa ń ṣe bí ẹni pé kò tẹ̀. Ọ̀pá yẹn ni wọ́n ń nà sórí pákó, wọ́n á fi pẹ́ńsùlù fa ìlà, wọ́n á gbé ọ̀pá kúrò kí ayùn tó dé. Bí mo bá gbàgbé ọ̀pá náà sórí pákó tí mo fẹ́ gé, igbe ni wọ́n máa fi bọ̀: "Gbé e kúrò! Èyí tí a fi ń wọn nǹkan kọ́ là ń gé!"

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, mú ìyàwó tó fẹ́ fẹ́ wá fún wọn láti rí, a jókòó ní pálọ̀, kò sí ẹni tó mọ ohun tó kàn. Dẹ́rẹ́bà ni ẹ̀gbọ́n mi, ó máa ń na Iléṣà sí Òṣogbo, ibẹ̀ ló ti rí i. Ọmọ télọ̀ ni obìnrin náà, ilé mùsùlùmí ní Òṣogbo ló ti wá. Bàbá bu omi mu, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀ ń fẹ́ra yín. Mo rí i. Di ìgbà wo?"

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ họ orí. Obìnrin náà ló dáhùn, ó ti kúnlẹ̀: "Di oṣù kẹwàá, Bàbá. Ẹ̀yin àti bàbá mi lẹ máa mú ọjọ́ nínú ẹ̀."

Ẹ̀rín pa Bàbá títí pẹ́ńsùlù fi bọ́ ní etí wọn. "Káyọ̀dé, fẹ́ ẹ kíá. Èyí mọ ọjọ́ jù ọ́ lọ."

Oṣù kẹwàá náà ni wọ́n sì fẹ́ra. Inú ilé wa ni ó ń gbé, ẹnu ọ̀nà ilé ni ó sì ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Kò pẹ́ tí òun náà fi gba ọ̀rọ̀ Bàbá mọ́ wọn lẹ́nu. Oníbàárà tó bá ní òun ń padà bọ̀, "Di ìgbà wo?" ni ó máa fi lé e. Nítorí pé ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ ní orúkọ, ó sọ mí ní Akọ̀wé, torí pé èmi ni mo ń ka lẹ́tà fún gbogbo ilé. Orúkọ yẹn wù mí. Nígbà tó bí Ìbùkún, ọmọ rẹ̀ obìnrin, èmi ló ní kí n kọ orúkọ ọmọ sára ògiri yàrá rẹ̀, kó lè máa wò ó. Ìwé tó mọ̀ ọ́n kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ bó bá rí i.

Ẹni tí Bàbá bá jà jù láyé ni àkọ́bí wọn, Bàbá Fẹ́mi. Lórí oko ọ̀nà Ìwàrà ni. Àwọn onígẹdú ń yọ Bàbá Fẹ́mi lẹ́nu pé àwọn fẹ́ rà á, kòkó ibẹ̀ sì ti gbó, ó ń rà mọ́ igi. Bàbá Fẹ́mi á ní, "Ẹ̀yin ò lè ṣe é mọ́, àwa ò sì ní ṣe é. Kí la fi ń dá igbó sí?" Bàbá á ní kó jáde. Ọjọ́ kejì, Bàbá Fẹ́mi á tún padà wá pẹ̀lú iṣu, wọ́n á jọ jẹ iyán, wọ́n á tún jà. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ ẹni tí kò lè fojú rí ohun tí kò tíì hù ni.

Bàbá ti rí bí ilẹ̀ ẹbí tiwọn ṣe lọ. Àwọn àgbà ẹbí jókòó, wọ́n fohùn ṣọ̀kan, wọ́n tà á, ó tán. Nítorí náà wọn ò fẹ́ kí oko yìí di ilẹ̀ ẹbí. Àwọn ni wọ́n rà á, àwọn ni wọ́n gbìn ín. Ní kété lẹ́yìn tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, tí àwọn lọ́yà ń ṣí ọ́fíìsì káàkiri Òṣogbo, Bàbá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ iṣẹ́, wọ́n wọ mọ́tò lọ síbẹ̀ láti lọ ṣe wíìlì. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá nìyí.

Lọ́yà bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ kó ni oko.

"Ẹni àkọ́kọ́ nínú ìran mi tó bá hú kòkó tó ti gbó kúrò, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin tuntun sí éékà kan, tó sì ká èso rẹ̀. Ì báà jẹ́ ọmọ mi, ì báà jẹ́ ọmọ-ọmọ, ì báà jẹ́ ẹni tí a ò tíì bí."

"Kí ẹni yẹn tó dé ńkọ́, Bàbá?"

"Kí àwọn ọmọ mi máa mójú tó o. Kí wọ́n máa jẹ ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀. Kí wọ́n má ṣáà tà á."

Lọ́yà gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Di ìgbà wo?"

Bàbá sọ fún mi pé ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn di ọwọ́ òun mú tó sì fi gbá òun létí. "Mo ti bi gbogbo Iléṣà ní ìbéèrè yẹn. Mi ò mọ̀ pé ó ti jókòó dè mí ní Òṣogbo." Wọ́n dá lọ́yà lóhùn pé títí ayé ni.

"Kò sí títí ayé nínú òfin, Bàbá. Ẹni tó ti kú ò lè máa di ilẹ̀ mú fún àwọn tó wà láàyè láìlópin. Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí lè má yọjú fún igba ọdún. Tó bá ti ṣeé ṣe kó pẹ́ ju gbèdéke lọ, ó lè má ṣẹlẹ̀ o, ṣùgbọ́n tó bá ti ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ yín ti bàjẹ́ láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti kú. Àwọn ọmọ yín á pín oko náà bí ẹni pé ẹ ò kọ nǹkan kan."

"Kí wá ni gbèdéke yẹn?"

"Ẹ mú ẹnì kan tó wà láyé báyìí, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé onítọ̀hún, ká tún fi ọdún mọ́kànlélógún lé e. Láàárín ìgbà yẹn, oko gbọ́dọ̀ ti rí ẹni tó ni ín. Bí kò bá rí, ó parí."

"Ṣé ẹni yẹn ló máa ni oko ni?"

"Rárá o. A kàn ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ka ìgbà ni. Kò fún un ní nǹkan kan, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ṣé ó lè jẹ́ ọmọ ọwọ́?"

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà yìí! Ọmọ ọwọ́ ló dáa jù níbẹ̀, Bàbá. Kí Ọlọ́run ṣáà fún un ní ẹ̀mí gígùn."

Ìbùkún ló kéré jù nínú ilé wa nígbà náà, oṣù mẹ́ta ni. Bàbá dárúkọ rẹ̀. Ó dùn mọ́ wọn nínú. Wọ́n ní pákó tí àwọn fẹ́ wọ̀n gùn, àwọn sì ti rí ọ̀pá tó gùn jù nínú ilé. "Ọmọ yẹn ni ọ̀pá ìwọ̀n mi" ni gbólóhùn tí wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ fún mi.

Bó ṣe bàjẹ́ nìyí. Ìyá Ìbùkún lọ kí bàbá rẹ̀ ní Òṣogbo, akọ̀wé lọ́yà, tó mọ̀ ọ́n, sì fi lẹ́tà rán an sí Bàbá nítorí pé ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Wọn ò lẹ àpòòwé náà. Nígbà tó délé, Bàbá ti lọ sóko. Ó bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. Mo rí orúkọ ọmọ mi nínú ẹ̀."

Lẹ́tà Bàbá ni, kò yẹ kí n kà á. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ sì le, gbólóhùn kan gùn tó odindi ìpínrọ̀. Ó yẹ kí n sọ pé, "Kò yé mi." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé ló ń pè mí, ó dúró, ó ń wo ẹnu mi. Mo rí ọ̀rọ̀ ikú ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo rí orúkọ Ìbùkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí ọdún mọ́kànlélógún. Mo so wọ́n pọ̀ fúnra mi.

"Wọ́n ti kọ oko Ìwàrà mọ́ ẹ̀mí ọmọ yìí," ni mo wí. "Wọ́n kọ ikú rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n kọ ọdún mọ́kànlélógún."

"Ọdún mọ́kànlélógún kí ni? Tó máa lò láyé?"

"Ohun tí mo rí níbẹ̀ nìyẹn."

"Àúsù bíllàhi!" Ó gba ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi, ó fà á ya wẹ́wẹ́, ó sì lọ jù ú sí ṣáláńgá. Ó padà wá, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Akọ̀wé, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀yin lẹ kà á. Wọ́n á fojú yín rí nǹkan. Èmi náà ò ní sọ. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á ṣeun fún yín." Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó ti wọ mọ́tò padà sí Òṣogbo.

Ojú ìwé kejì ṣì wà lórí pákó. Lẹ́yìn tó lọ ni mo jókòó tì í, mo ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta. Gẹ̀ẹ́sì ojú ìwé yẹn ò le rárá. Lọ́yà ti ṣàlàyé ohun gbogbo: pé kí Bàbá sọ fún òbí ọmọ náà kí wọ́n má bẹ̀rù, pé kò sí ohun tó máa ṣe ọmọ, pé bí ó bá dàgbà, òun náà lè gbin kòkó bíi ti àwọn yòókù. Mo ká a, mo tì í bọ àpò.

Bàbá ti oko dé. "Ìyàwó Káyọ̀dé dà?" Wọ́n ti gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu aládùúgbò. "Ta ló ka lẹ́tà fún un?"

Mo ní mi ò mọ̀, bóyá wọ́n ti kà á fún un ní Òṣogbo.

Bàbá lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wà nínú yàrá bàbá rẹ̀, kò jáde. Bàbá dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń ṣàlàyé ọ̀pá ìwọ̀n fún ilẹ̀kùn. Bàbá ìyàwó gbé omi fún wọn, ó bọ̀wọ̀ fún wọn, ó sì ní, "Bàbá, lẹ́tà yín ló sọ ọ́, kì í ṣe àwa." Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé gba ilé sí Òṣogbo kó má baà pàdánù ìyàwó rẹ̀.

Ohun tí mo fi máa ń rántí Bàbá jù lọ, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe é. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Kí a tó jókòó dáadáa ni wọ́n ti sọ pé, "Ẹ yọ orúkọ ọmọ yẹn kúrò."

Ó ya lọ́yà lẹ́nu. "Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń yọ? Pẹ̀lú ọmọ yìí, oko yín lè ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí yóò fi wá ẹni tó ni ín. Láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni, ọdún mọ́kànlélógún péré ni, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti kú. Mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ sínú ojú ìwé kejì lẹ́tà mi."

"Lẹ́tà ti ya," ni Bàbá wí. "Ìyá ọmọ ń bẹ̀rù. Ẹ yọ ọ́."

"Ó dáa, ẹ fi ẹlòmíràn sí i. Ẹni tẹ́ ẹ jọ wá yìí ṣì kéré."

Bàbá yíjú wò mí. Ojú ìwé kejì wà ní àpò àyà mi, mo ń gbúròó rẹ̀ bí mo ṣe ń mí. Ká ní mo fà á yọ lọ́jọ́ náà, bóyá Bàbá ì bá mú un lọ sí Òṣogbo tààrà, bàbá ọmọ á wá ẹni tó lè kà á. Mo wolẹ̀.

"Rárá," ni Bàbá wí. "Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ jẹ́ kó kúrú."

Wọ́n tẹ̀ka sí i. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, wọ́n sọ ọ́ nínú mọ́tò, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ: "Oko lè bọ́ lọ. Ọmọ mi ni mi ò lè jẹ́ kó máa sá fún mi."

Ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n lò sí i. Wọn ò rí Ìbùkún mọ́. Nígbà tí àìsàn dá wọn gúnlẹ̀, wọ́n ní kí n gbé ọ̀pá ìwọ̀n wá, wọ́n fọwọ́ tọ́ gbogbo àmì ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́. "Máa gbé e kúrò kí o tó gé nǹkan" ni wọ́n sọ. Mo ní mo ti gbọ́.

Báyìí, Bàbá Fẹ́mi ti ń ka ọdún. Ó ku mọ́kàndínlógún. Kòkó máa ń lò tó ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kó tó so, nítorí náà ẹni tó bá máa gbìn ín kò ní àkókò tó gùn tó bí ó ṣe dà bíi pé ó gùn. Èmi náà wà lára ìran Bàbá, òfin ò dí mi lọ́wọ́. Mo ti mú àdá débẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo débẹ̀, mo dúró, mo padà. Bí èmi bá kọ́kọ́ ká èso níbẹ̀, lẹ́tà tí mo fi pa mọ́ ló máa dà bí ẹni pé mo fi gba oko.

Oṣù tó kọjá ni mo lọ sí Òṣogbo. Ìyá Ìbùkún ti ní ìsọ̀ kékeré kan nítòsí Ọjà Ọba, òwú àti bọ́tìnnì náà ló ń tà. Ìbùkún ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń to bọ́tìnnì sórí ìlà kan tó fi ṣọ́ọ̀kì fà, bí èyí tó kẹ́yìn bá sì yẹ̀ díẹ̀, ó máa ń tú gbogbo rẹ̀ ká, á tún un tò. Iwájú orí Bàbá ló wà lórí rẹ̀.

"Akọ̀wé mi!" Inú ìyá rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi dìde. "Ìbùkún, wá kí wọn. Kúnlẹ̀ dáadáa. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n gbà ọ́ là nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Mo ní kó dìde. Ojú ìwé kejì wà ní àpò mi, ó ti ń gé níbi tí mo ti ká a. Àwọn oníbàárà wà níwájú ìsọ̀, ẹnìkan ń béèrè òwú funfun, ẹnìkan ń ná zíìpù. Mo ní ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá a sọ, ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀ jù, màá padà wá.

Ó ń wọn òwú lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó rẹ́rìn-ín.

"Di ìgbà wo, Akọ̀wé?"

Mo ní láìpẹ́. Òun àti èmi la jọ mọ ẹni tó kọ́ wa pé ìyẹn kì í ṣe ọjọ́. Ojú ìwé kan ni mo jẹ obìnrin náà, mo sì gbé e padà wá sí Iléṣà.